Anthropology ní Ìpele Gíga: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà, láti Orí Fọ́ọ̀mù Dé Orí Oyè

A kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn olùgbé Ìpínlẹ̀ Ògùn tí wọ́n ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, tàbí tí wọ́n ti gba HND ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, tí wọ́n sì ń gbèrò láti kàwé sí i nínú ẹ̀kọ́ nípa ènìyàn àti àṣà, èyí tí a mọ̀ sí anthropology. Àwọn tó ń gbé ní Ọ̀tà, Sàngó-Ọ̀tà, Ìyànà-Ìyèsí, Àgbàrá àti agbègbè wọn ni a fi sọ́kàn jù lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá tàbí tó ń ṣòwò, tí wọn kò sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ láìṣírò ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ jáde.

Kókó ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání nínú àlàyé yìí ni pé, nínú ẹ̀kọ́ yìí, wíwọlé rọrùn ju píparí lọ. Ẹni tó bá ní máàkì tó tọ́, tó sì san owó tó tọ́, yóò rí àyè. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló ń gbé ènìyàn dé orí oyè: ìbéèrè tó fẹ́ wádìí, olùkọ́ tí yóò bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, àti ètò lórí àkókò àti owó. Ẹni tó bá ti yanjú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ó tó ra fọ́ọ̀mù ti rin ìdajì ọ̀nà.

Kí ni anthropology?

Ẹ̀kọ́ nípa ènìyàn ni, bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀, bí wọ́n ṣe ń fẹ́yàwó, bí wọ́n ṣe ń jogún, bí wọ́n ṣe ń sìn, bí wọ́n ṣe ń ṣòwò, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn àti bí wọ́n ṣe ń sin òkú. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe ìwádìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í kàn pín ìwé ìbéèrè kí ó sì padà sílé. Ó máa ń lọ bá àwọn tó fẹ́ mọ̀ nípa wọn, á bá wọn gbé tàbí kí ó máa wà láàrin wọn fún oṣù púpọ̀, á gbọ́ èdè wọn, á rí ohun tí wọ́n ń ṣe, á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Fún oyè ọ̀mọ̀wé, iye àkókò tí ọ̀pọ̀ ń lò lórí pápá súnmọ́ ọdún kan.

Ẹ̀ka mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń pín in sí: ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà, ẹ̀kọ́ nípa èdè, ẹ̀kọ́ nípa ara àti ìran ènìyàn, àti archaeology, èyí tí í ṣe wíwa ilẹ̀ láti mọ ìgbésí ayé àwọn ará àtijọ́. Ní Nàìjíríà, àwọn yunifásítì kan so anthropology pọ̀ mọ́ archaeology, àwọn mìíràn sì so ó pọ̀ mọ́ sociology. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi ní rí orúkọ rẹ̀ ní òun nìkan nínú ìwé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́.

Ọmọ Abẹ́òkúta tó ṣáájú

Kì í ṣe ohun àjèjì ní ìpínlẹ̀ wa. Nathaniel Akínrẹ̀mí Fádípẹ̀, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1893, wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ nípa àwùjọ. Ilé-ẹ̀kọ́ London School of Economics ló ti gbà á, ní ọdún 1939. Àwọn Yorùbá gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé lórí: ẹbí, ìgbéyàwó, ilẹ̀, oyè, ọjà àti ẹ̀sìn.

Fádípẹ̀ kú ní ọdún 1944, iṣẹ́ náà kò sì tíì di ìwé. Ọdún 1970 ni ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tó tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ́yìn tí Francis Okediji àti Ọládèjọ Okediji ti ṣe àtúnṣe sí i. Ọdún 31 ló wà láàrin oyè àti ìwé. Ní gbogbo àkókò yẹn, iṣẹ́ tí ọmọ ilẹ̀ yìí ṣe nípa ilẹ̀ yìí kò sí lọ́wọ́ àwọn tí ó kàn jù lọ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ni pé kí ó má fi ìwádìí sílẹ̀ nínú àpótí. Kí ó parí rẹ̀, kí ó sì wá ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn yóò fi rí i kà.

Kí ló wà ní Ọ̀tà fún olùwádìí?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ó di ìgbà tí àwọn bá lọ sí ibi tó jìnnà kí àwọn tó rí ohun tí àwọn yóò wádìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú Ọ̀tà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìlú Àwórì. Ó ní ààfin, ìdílé olóyè, egúngún àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àjọ UNESCO ti kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2008, ní orúkọ Nàìjíríà, Benin àti Togo. Ojúlé kan sí ojúlé yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ ìgbàlódé wà, tí àwọn ènìyàn láti ẹ̀yà gbogbo ń wọlé sí láràárọ̀. Ìlú kan náà ni Canaanland wà, tí àwọn olùjọsìn ń rọ́ wá láti ibi gbogbo. Ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò tó gba àárín rẹ̀ kọjá sì lọ títí dé ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin.

Ìbéèrè pọ̀ níbẹ̀. Báwo ni àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn àlejò ṣe ń gbé pọ̀ ní àdúgbò tí ilé-iṣẹ́ ti gba oko? Báwo ni òṣìṣẹ́ tí kò ní iṣẹ́ àyẹ̀wọ̀ ṣe ń fi ẹgbẹ́ àjọ àti èsúsú gbé ìdílé ró? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí èdè Àwórì lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Sàngó? Ta ni yóò máa kọ ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nígbà tí àwọn àgbà bá ti lọ? Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó nílò ìwé àṣẹ ìrìnnà, ṣùgbọ́n bí àwọn tó mọ ìdáhùn wọn ṣe ń darúgbó, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn náà ń lọ.

Àwọn ẹlòmíràn ti fi irú iṣẹ́ báyìí gba oyè, tàbí kí wọ́n fi kọ ìwé. Niara Sudarkasa, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, gbé ní Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ láti wádìí nípa iṣẹ́ àti òwò àwọn obìnrin, ó sì fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní ọdún 1964. Adrian Peace tẹ ìwé jáde ní ọdún 1979 lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní agbègbè Ìkejà, tí kò jìnnà sí wa. Sandra Barnes tẹ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1986 lórí bí àwọn ará Muṣin ṣe fi bàbá ìsàlẹ̀ àti ilẹ̀ gbígbà dá ìlú sílẹ̀. Karin Barber, tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wá gba oyè ọ̀mọ̀wé tirẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lórí oríkì ní Òkukù. Bí àwọn wọ̀nyí bá lè ti òkèèrè wá, ẹni tó gbọ́ èdè, tó mọ ọ̀nà, tí wọ́n sì mọ ìdílé rẹ̀, ní àǹfààní tí wọn kò ní.

Níbo ni a ti lè kọ́ ọ?

Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, ní Ẹ̀ka Archaeology àti Anthropology. Ó tún ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní Ẹ̀ka Sociology àti Anthropology. Yunifásítì Benin àti Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka náà so ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí pọ̀.

Nítòsí ilé, Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní ọdún 1982, ní ẹ̀ka sociology. Bẹ́ẹ̀ náà ni Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì Covenant tó wà ní Ọ̀tà gan-an. Ẹni tí kò bá lè rìn jìnnà lè gba oyè nínú sociology, kí ó sì lo ọ̀nà ìwádìí anthropology nínú iṣẹ́ rẹ̀, bí ó bá rí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n.

Fún àwọn tó bá yan Ìbàdàn, ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021 ní ibùdókọ̀ ní Agbádò, Kájọlà àti Abẹ́òkúta, ó sì parí sí Mọ́níyà, tí kò jìnnà púpọ̀ sí yunifásítì náà. Kí ẹ wo àkókò tó ń gbéra kí ẹ tó fi ètò ẹ̀kọ́ yín lé e lórí.

Kí ni wọ́n ń béèrè?

Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ohun wọ̀nyí ló wọ́pọ̀:

1. Oyè àkọ́kọ́ tí kò rẹlẹ̀ ju ìpele kejì ìsàlẹ̀ lọ. Kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ nínú anthropology. Ẹni tó kọ́ ìtàn, èdè Yorùbá, sociology, ìmọ̀ ẹ̀sìn tàbí ìmọ̀ ètò ìlera lè wọlé ní ọ̀pọ̀ ibi.

2. Ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama tó ní kírẹ́díìtì márùn-ún, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì wà nínú wọn.

3. Ìwé-ẹ̀rí àgùnbánirọ̀, tàbí ìwé tó fi hàn pé wọ́n yọ̀ǹda yín kúrò nínú rẹ̀.

4. Àkọsílẹ̀ gbogbo máàkì yín, tí ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní transcript. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ti jáde ni yóò fi ránṣẹ́ tààrà. Ẹ tètè san owó rẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé e, nítorí pé ìdúró dè é ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn pàdánù ọdún kan.

5. Lẹ́tà ìjẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Ó sàn kí ó ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó kọ́ yín wá, tó sì rántí iṣẹ́ yín, ju kí ó ti ọ̀dọ̀ ẹni ńlá tí kò mọ̀ yín wá lọ.

6. Fún oyè ọ̀mọ̀wé, oyè kejì tí máàkì rẹ̀ tó iye tí ilé-ẹ̀kọ́ náà fọwọ́ sí, pẹ̀lú ìwé àbá ìwádìí.

Ẹni tó ní HND, tàbí tí oyè rẹ̀ wà ní ìpele kẹta, kò gbọdọ̀ sọ ìrètí nù. Ọ̀nà tó wà fún un ni PGD, tí ó sábà máa ń gba ọdún kan. Bí ó bá ṣe dáadáa nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yóò gbà á fún oyè kejì. Kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ bóyá wọ́n gba PGD láti ibi tí ó ti fẹ́ ṣe é, nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn ló gba ti ara wọn.

Kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù

Àkọ́kọ́ ni ìbéèrè. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ sí orí ìwé ní gbólóhùn méjì. «Àṣà Yorùbá ní Ọ̀tà» gbòòrò jù, kò sí ẹni tó lè parí rẹ̀. «Bí àwọn obìnrin tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ṣe ń pinnu ẹni tí wọ́n ń tà fún láwìn» ṣe é wádìí, ó sì ní òpin. Bí ìbéèrè náà bá ṣe tóbi tó ni ọdún yóò ṣe gùn tó.

Èkejì ni olùkọ́ alábòójútó. Ẹ ka ohun tí àwọn olùkọ́ ẹ̀ka náà ti kọ, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tiyín mu. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó kí ó tó dá iṣẹ́ padà. Ẹ tún wo ọjọ́ orí. Òfin ilẹ̀ yìí ti ọdún 2012 fi 70 ọdún ṣe òpin iṣẹ́ fún ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì fi 65 ṣe ti àwọn olùkọ́ tí kò tíì dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí olùkọ́ yín bá fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún méjì, tí ẹ̀kọ́ yín sì nílò mẹ́rin, ẹ ti mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò bá yín parí rẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ẹ̀kẹta ni àkókò àti owó. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 12 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, wákàtí 72 ti lọ nínú ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kan tó ṣẹ́kù ni ìsinmi, ìdílé àti ilé ìjọsìn ń dù. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè kàwé láìjẹ́ pé ó yí nǹkan padà. Ó lè bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n yí wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ padà, ó lè fi owó pamọ́ fún ọdún kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè béèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ náà gba akẹ́kọ̀ọ́ àbọ̀-ọjọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda ní kíkọ sílẹ̀ kí ó tó forúkọ sílẹ̀, kí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ má bàa di ohun ìjiyàn nígbà ìgbéga.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣírò owó, ẹ má fi mọ sí owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ fi owó ọkọ̀, ilé gbígbé, ìwé, íntánẹ́ẹ̀tì, ìrìn àjò lórí pápá, ẹ̀bùn tí àṣà béèrè fún àwọn àgbà, àti ìtẹ̀wé àpilẹ̀kọ kún un. Ẹ tún fi àyè sílẹ̀ fún ìdádúró. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà lórí pápá ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ lè máa bá ìwádìí àti ìkọ̀wé rẹ̀ lọ.

Ìrànwọ́ owó àti ẹ̀kọ́ ní òkè òkun

Àjọ Wenner-Gren ní New York, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1941, máa ń fún àwọn tó ń kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú anthropology ní owó ìwádìí lórí pápá, láìwo orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá. Àjọ CODESRIA ní Dakar, tó ti wà láti ọdún 1973, ń ran àwọn olùwádìí ilẹ̀ Áfíríkà lọ́wọ́. IFRA, ilé ìwádìí ilẹ̀ Faransé tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn láti ọdún 1990, náà ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ra.

Àwọn tó bá fẹ́ lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, oyè kejì níbẹ̀ sábà máa ń gba ọdún kan. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Chevening ń san gbogbo owó rẹ̀ fún àwọn tó ti ní ìrírí iṣẹ́ bí ọdún méjì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ padà sí ilé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Commonwealth náà wà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba ènìyàn láti orí oyè àkọ́kọ́ tààrà sí ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé, ó sì lè tó ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó lówó nínú wọn ń san owó ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń fún un ní owó oúnjẹ. Oṣù Kejìlá ni púpọ̀ nínú wọn ń ti ìlẹ̀kùn, fún ẹ̀kọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀lé e. Bí owó fọ́ọ̀mù bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka náà, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín.

Ìwà ẹ̀tọ́ lórí pápá

Ìwádìí nípa ènìyàn kì í ṣe ohun tí a ń jí ṣe. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ẹ̀tọ́ ìwádìí ní yunifásítì yín gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí ó bá kan aláìsàn tàbí ilé ìwòsàn, ìgbìmọ̀ ti ètò ìlera náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó lọ sí ààfin tàbí sọ́dọ̀ baálẹ̀ láti sọ ohun tí ẹ wá ṣe. Ẹ má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ má sì ṣe ṣèlérí owó tàbí iṣẹ́ tí ẹ kò ní. Ìyọ̀ǹda ọba kì í ṣe ìyọ̀ǹda gbogbo ìlú. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbà tàbí láti kọ̀, kí ó sì yí ọkàn padà láàrin ọ̀rọ̀. Ohun tó jẹ́ awo, kí ẹ jẹ́ kó wà ní awo, bí wọ́n tilẹ̀ ṣèèṣì sọ ọ́ létí yín.

Ní ilé-iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Òṣìṣẹ́ tó bá sọ òtítọ́ fún yín lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ bí orúkọ rẹ̀ bá jáde. Ẹ yí orúkọ padà, ẹ yọ ohunkóhun tí a lè fi dá a mọ̀ kúrò, ẹ sì tọ́jú ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ sí ibi tí ẹlòmíràn kò lè ṣí. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ wádìí, ẹ jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín mọ̀ ìgbà tí ẹ jẹ́ ẹlẹgbẹ́ àti ìgbà tí ẹ jẹ́ olùwádìí.

Ìwé àtijọ́ náà jẹ́ pápá. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn ní ọ̀pọ̀ ìwé àwọn aṣojú ìjọba amúnisìn. James White, ẹni tí ìjọ CMS fi sí Ọ̀tà láti àwọn ọdún 1850, kọ ìròyìn ohun tó rí níbẹ̀, Yunifásítì Birmingham ni wọ́n sì tọ́jú ìwé ìjọ náà sí.

Kíkọ àti píparí

Ẹ̀kọ́ oyè kejì ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì, ìdánwò àti àpilẹ̀kọ. Ti ọ̀mọ̀wé kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́ta, ó sì sábà máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé ìwé àbá rẹ̀ síwájú ẹ̀ka, yóò lọ sí pápá, yóò padà wá sọ ohun tó rí níwájú àwọn olùkọ́, yóò kọ orí kọ̀ọ̀kan, wọn yóò fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó da ìwé ẹlòmíràn kọ, olùdánwò láti yunifásítì mìíràn yóò kà á, lẹ́yìn náà ni ìdánwò àfẹnusọ. Lẹ́yìn ìdánwò náà, àtúnṣe máa ń wà. Ẹni tí kò bá ṣe àtúnṣe náà, kí ó sì dá a padà, kò tíì gba oyè.

Ìmọ̀ràn wa rèé. Ẹ máa kọ àkọsílẹ̀ pápá ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé ọ̀la máa ń gbàgbé. Ẹ pa á mọ́ sí ibi méjì, kí olè tàbí omi má bàa gba ọdún kan lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ orí àkọ́kọ́ kí ìwádìí tó parí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oṣù kan kọjá láìfi nǹkan kan han alábòójútó yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojú ìwé márùn-ún. Ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ lè yọ orúkọ ẹni tó bá dákẹ́ kúrò. Bí àìsàn, ọmọ bíbí tàbí ọ̀fọ̀ bá dé, ẹ kọ̀wé láti dá ẹ̀kọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó gba ìyọ̀ǹda lè padà. Ẹni tó kàn pòórá máa ń rí i pé wọ́n ti ti fáìlì rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ Àjọ NUC, tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, bóyá wọ́n fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà àti ẹ̀kọ́ náà ní ìpele tí ẹ fẹ́. Ẹ san owó sínú àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Kò sí alágbàtà kankan tó ní agbára láti fún yín ní àyè. Àwọn tó ń kọ àpilẹ̀kọ fún ènìyàn gbowó sì ń ta ìparun ni: bí wọ́n bá mọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n lè gba oyè náà padà, iṣẹ́ tí ẹ fi gbà á yóò sì bá a lọ.

Kí ni oyè náà wúlò fún?

Ó lè mú yín di olùkọ́ ní yunifásítì, òṣìṣẹ́ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tàbí olùwádìí ní àjọ ìlera àti àjọ aráàlú. Òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1992, béèrè pé kí wọ́n yẹ iṣẹ́ ńláńlá wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn nílò ẹni tó lè sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ tuntun yóò ṣe sí oko, odò, ojúbọ àti ibojì àwọn ará àdúgbò, tó sì lè gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Agbègbè bíi Àdó-Odò/Ọ̀tà, níbi tí ilé-iṣẹ́ àti ìlú àtijọ́ ti ń fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, nílò irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò ní tàn yín: oyè nìkan kì í fúnni níṣẹ́. Kí ẹ máa kọ́ bí a ti ń ṣírò àbájáde ìwádìí, bí a ti ń kọ ìròyìn tó ṣe kedere, àti bí a ti ń tọrọ owó ìwádìí, láti ìgbà tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò ná yín lówó. Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ ní gbólóhùn méjì lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fi han olùkọ́ yín àtijọ́ kan. Ẹ lọ bá àgbà kan ní àdúgbò yín, kí ẹ gbọ́ ohun tí yóò sọ nípa rẹ̀. Bí ìbéèrè náà bá ṣì ń pè yín lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ béèrè fún transcript yín, kí ẹ sì kọ̀wé sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ gíga ti yunifásítì tí ẹ yàn láti mọ ìgbà tí fọ́ọ̀mù yóò jáde.